Ẹyọ Ìgbálẹ̀ Mẹ́fà Lábẹ́ Mọ́dígáàdì

Sátidé, 14 Nọ́fẹ́ńbà 1981

Wọ́n ti yan Mọ́nsúrù! Àwọn mẹ́rin péré ni ẹgbẹ́ ọlọ́máṣíìnì Abẹ́òkúta mú láti bá àwọn Ìjẹ̀bú sáré lọ́jọ́ kejì ọdún tuntun, lórí títì tuntun ọ̀nà Kóbàpé tí wọn ò tíì ṣí fún mọ́tò. Orúkọ ọkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó wọlé bí ọmọ tó gba ipò kìíní nílé ìwé. Ó gbé Sàfúrátù sókè, ó fẹ́ gbé èmi náà, mo ní kó fi mí sílẹ̀, ọbẹ̀ mi ń jóná.

Inú mi dùn. Ẹ̀rù sì ń bà mí. N ò mọ èyí tó yẹ kí n kọ ṣáájú. Máṣíìnì tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní Ewékorò láràárọ̀, tí òun àti tírélà sìmẹ́ǹtì jọ ń du ọ̀nà, ìyẹn nìkan ti tó mi. N kì í lè jẹun ìrọ̀lẹ́ títí màá fi gbọ́ ìró rẹ̀ ní ìkòríta. Wàyí o, wọ́n tún ní kó wá máa fi í sáré ìje.

Mílíìkì alágolo ti di ọgbọ̀n kọ́bọ̀ lọ́wọ́ obìnrin ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí. Ó ní bí n ò bá rà, ẹlòmíràn á rà. Mo rà.

Túsìdeè, 17 Nọ́fẹ́ńbà

Jùbrílù tó ń tún máṣíìnì ṣe ní Láfẹ́nwá ti bá wa wá táyà tuntun fún ẹsẹ̀ iwájú. Ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá Jùbrílù, ṣé èyí ò tóbi jù báyìí?"

"Ìyá Sàfú, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wa. Táyà tó sanra ló ń di títì mú."

Òun àti Mọ́nsúrù fi ọwọ́ yí i, ó ń yí lábẹ́ mọ́dígáàdì, irin tó bo táyà lórí, láìkan ohunkóhun, àwọn méjèèjì sì ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ òjò ìkẹyìn lọ́dún yìí nìyẹn. Gbogbo aṣọ tí mo sá ló tún tutù.

Fúráìdeè, 20 Nọ́fẹ́ńbà

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Ìyá ti ṣọ́ọ̀bù abọ́ tánganran wọn ní Láfẹ́nwá dé. Ìyá ọkọ mi ni mo ń wí, kì í ṣe ìyá mi tó wà ní Igbein. Wọ́n tú áńkáṣíìfù, wọ́n mú tírà kan jáde, awọ pupa ni wọ́n fi rán an, kò ju páálí ìṣáná lọ.

"Iwájú ni kó wà," wọ́n ní. "Kó máa ṣáájú ọmọ mi lọ."

Abẹ́ mọ́dígáàdì iwájú ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n so ó mọ́, níbi tí ojú ò ti ní máa rí i, nítorí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ Mọ́nsúrù máa ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Jùbrílù fi okùn awọ so ó mọ́ ihò nọ́ọ̀tì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ki ìka bọ àárín tírà àti táyà. Ọmọńdinrín mi nìkan ló kọjá.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ní kan táyà?"

"Ṣé ó kàn án ni?"

Jùbrílù yí táyà. Kò kàn án.

"Àbí ká kúkú so ó mọ́ apá rẹ̀?"

Ìyá wò mí. "Ìyàwó, ṣé ṣọ́ọ̀ṣì Igbein ló wá ń kọ́ wa níbi tí à á so tírà mọ́ báyìí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Bí inú Ìyá bá dùn sí mi, Àbẹ̀ní ni wọ́n ń pè mí. Bó bá ti di "Ìyàwó," mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn.

Sọ́ńdè, 22 Nọ́fẹ́ńbà

Ó gbìyànjú máṣíìnì ní Kóbàpé. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń kó òkúta kúrò lójú títì, kò lè sáré. Ó bọ̀ láyọ̀. Mo jẹun.

Sátidé, 28 Nọ́fẹ́ńbà

Ọjọ́ burúkú lèyí.

Títì ti mọ́, Mọ́nsúrù sì fún máṣíìnì ní gbogbo iná tó ní. Ó ní ọwọ́ aago máìlì ti kọjá ọgọ́rùn-ún dáadáa kí nǹkan kan tó ta lábẹ́ ẹsẹ̀ iwájú, pàá, tí ọwọ́ máṣíìnì sì gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, tó tún dákẹ́. Ó dẹ eré, ó wá sílé. Nígbà tí Ìyá bẹ̀rẹ̀ láti wo abẹ́ mọ́dígáàdì, tírà ò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ta ló tú u?"

Wọ́n nàró.

"Mo ní ta ló tú tírà ọmọ mi?"

Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn gbé ojú sókè, ojú náà sì bà lé mi. Mo ní, "Ìyá, Ọlọ́run gbọ́, n ò fọwọ́ kàn án." Wọ́n ní, "Ṣé mo pè ọ́ ni?"

Mo gbé láfún àti ọbẹ̀ ilá lọ fún wọn ní yàrá. Wọ́n gbé e jáde bó ṣe wà, ìdérí ò kúrò lórí rẹ̀. Láti ọdún mẹ́rin tí mo ti wà nínú ilé yìí, wọn ò ṣe irú rẹ̀ fún mi rí.

Sọ́ńdè, 29 Nọ́fẹ́ńbà

Kí n má parọ́ níbi tí kò sẹ́ni tó ń wò mí: ó wù mí kí n tú u. Lọ́jọ́ tí wọ́n so ó, ó wù mí gan-an. N ò tú u.

Ta ló máa gbà? Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó wá sílé ìmàle, tí kò fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ sáré, tó fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ibi tí wọ́n so tírà ò dáa. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n rò ó fún, èmi náà á ní òun ló tú u.

Tọ́sìdeè, 3 Dìsẹ́ńbà

Abọ́ Ìyá tún padà wá pẹ̀lú oúnjẹ nínú rẹ̀. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà ni wọ́n ń rà jẹ nítòsí ṣọ́ọ̀bù. Sàfúrátù bi mí pé, "Màámi, ṣé ebi ò pa Ìyá àgbà mọ́ ni?"

Sátidé, 5 Dìsẹ́ńbà

Ìyá ti mú tírà mìíràn wá. Èyí nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, wáyà ni wọ́n sì ní kí Jùbrílù fi dì í. "Ká wo ọwọ́ tó máa tú èyí."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti wò ó. Ọmọńdinrín mi pàápàá ò kọjá mọ́, àfi ẹyọ ìgbálẹ̀ tí mo mú nílẹ̀. Mo pe Mọ́nsúrù sẹ́yìn ilé, mo sọ fún un. Ó ní, "Bímpé, nítorí Ọlọ́run, jẹ́ kí ilé yìí tòrò títí ìje á fi kọjá."

Mo dákẹ́. N ò ní dákẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi.

Sọ́ńdè, 6 Dìsẹ́ńbà

Ó ṣubú.

Píkọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́ Jùbrílù kan ló gbé òun àti máṣíìnì dé. Awọ èjìká ọ̀tún ti bó lọ, ojúgun wú bí iṣu, ṣùgbọ́n egungun ò ṣẹ́, akoto sì gba orí là. Nọ́ọ̀sì tó wẹ egbò náà ní kó lọ dúpẹ́. Mo ti dúpẹ́ kó tó sọ ọ́. Mo ti dúpẹ́ láti ìgbà tí mo rí i pé òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú píkọ́ọ̀pù.

Ó ní, "Ńṣe ló dà bíi pé mo fa bíréèkì iwájú. N ò sì fà á." Táyà kàn há gbọn-in lórí eré ni, ó gbé e jù sínú iyanrìn. Bó bá jẹ́ orí òkúta ni...

N ò ní kọ ìyẹn.

Tírà kejì náà ti lọ. Wáyà nìkan ló kù níbẹ̀, ó ká kò bí ìwọ̀ ẹja. Ìyá fọwọ́ kan wáyà náà, wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀kejì." Ohun tí wọ́n sọ ò ju ìyẹn lọ. Wọ́n yọ kọ́kọ́rọ́ máṣíìnì, wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn.

Nígbà tó yá, Bàbá Mọ́ṣúdù, ẹ̀gbọ́n olóògbé bàbá ọkọ mi, ránṣẹ́ sí mi pé lọ́jọ́ Sọ́ńdè ogúnjọ́, àwọn àgbà ilé á jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi. Lórí ọ̀rọ̀ mi! Bàbá náà ò burú, ohùn tútù ni wọ́n fi rán ọmọ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tí wọ́n jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé yìí kẹ́yìn, ilé bàbá rẹ̀ ló wà títí dòní.

Mọ́ńdè, 7 Dìsẹ́ńbà

Mo ní kí Sàfúrátù máa ṣeré lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, mo lọ bá máṣíìnì náà lẹ́yìnkùlé. Mo jókòó tì í lórí àpótí bí ẹni tó fẹ́ fọ aṣọ.

Ohun tí mo rí rèé. Etí wáyà náà ń dán, bí ọ̀bẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n. Ojú táyà ní àwọ̀ pupa, pupa awọ yẹn gan-an, ó sì yí táyà náà po láìdá níbì kankan. Kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn ló tú tírà. Táyà ló lọ̀ ọ́ bí ẹni lọ ata, tó sì fa okùn rẹ̀ mọ́ra títí tó fi há.

Ṣùgbọ́n báwo? Mo tún ki ìka bọ̀ ọ́. Àyè wà. Mo yí táyà, àyè ṣì wà.

Mo ránṣẹ́ pe Jùbrílù. Ó ní kòtò ni, pé bí máṣíìnì bá bọ́ sí kòtò, mọ́dígáàdì á sọ̀ kalẹ̀ bá táyà. Mo ní kó gùn ún, kó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó fò lé e lórí, mo sì mú ìka mi síbẹ̀. Àyè náà ò dín. Ẹsẹ̀ táyà ni wọ́n de mọ́dígáàdì iwájú mọ́, bí ọ̀kan bá ròkè, èkejì á bá a ròkè.

"Àbí bíárìn àárín táyà ló ti jẹ, tó fi ń yẹ̀?"

Ó mì ín sọ́tùn-ún sósì. Kò mì. Ó họ orí. "Ìyá Sàfú, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá sípánà o."

"Kò kọjá sípánà," mo ní. Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́.

Wẹ́sìdeè, 9 Dìsẹ́ńbà

Ọyẹ́ ti wá gidi. Ètè Sàfúrátù là, mo fi òrí pa á. Mo wọ̀ ọ́ ní gáùn tí màmá mi rán fún un, èyí tó gbòòrò nísàlẹ̀, ó sì bọ́ sí ààrin ilé, ó ń yí lójú kan.

"Màámi, ẹ wò mí! Màámi, ẹ wò mí!"

Mò ń ṣa ìrẹsì, mò ń wò ó, n ò wò ó. Nígbà tó ń yí jẹ́jẹ́, etí gáùn náà rọ̀ mọ́ orúnkún rẹ̀. Ó wá yí kíákíá. Etí gáùn gbéra. Ó nà síta yí i ká bí agbòòrùn tí wọ́n ṣí, ó sì gbá ife ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dànù, ife tí gáùn yẹn ò súnmọ́ rárá nígbà tó dúró jẹ́ẹ́. Omi dà sínú ìrẹsì.

Ọmọ náà dúró, ó ń wojú mi bóyá màá nà án. Gáùn náà ti padà rọ̀ wálẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan.

Mo ní, "Tún un yí."

"Ṣé ẹ ò ní nà mí?"

"Tún un yí, ọmọ mi. Yí i gan-an."

Rọ́bà ni táyà. Kì í ṣe irin. Ó ń nà. Bó bá dúró, tàbí bí a bá fi ọwọ́ yí i, ibi tó wà ló máa wà. Bí eré bá pọ̀, gbogbo ara rẹ̀ ni á máa sá síta, á ga, á wú, á dé ibi tí kò dé tẹ́lẹ̀. Bó bá ti dúró, á padà sí àyè rẹ̀, kò ní sí ẹni tó máa mọ̀ pé ó kúrò níbẹ̀ rí.

Mo jókòó sínú omi ìrẹsì, mo ń rẹ́rìn-ín. Sàfúrátù náà ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ìdí rẹ̀.

Tọ́sìdeè, 10 Dìsẹ́ńbà

Mo sọ fún Mọ́nsúrù níbi tó dùbúlẹ̀ sí.

"Táyà ń wú?"

"Kì í ṣe afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni mo ń wí. Eré ló ń nà án síta."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Gáùn ọmọ yín."

Ó rẹ́rìn-ín títí èjìká fi dùn ún. Lẹ́yìn náà ó gbójú sí àjà. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì, orí eré púpọ̀ ni. Lọ́jọ́ tí n ò lè sáré, kò ṣe nǹkan kan." Ó yíjú sí mi. "Bímpé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé ìyá mi ló..."

Mo fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ó wù mí kó parí rẹ̀, kí ẹnì kan sọ ọ́ jáde nínú ilé yìí. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ni. Ẹ̀rù pé kí ọmọ wọn má kú ló gbé wọn lọ ra tírà, ẹ̀rù yẹn gan-an sì ni èmi náà ń bá sùn tí mò ń bá jí.

Mo ní, "Màá fi hàn wọ́n. N ò ní sọ ọ́."

Fúráìdeè, 11 Dìsẹ́ńbà

Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá Ìyá kí wọ́n tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Kí ni mo fẹ́ lọ wò ní Kóbàpé?"

"Ìgbálẹ̀ ni, Ìyá. A ó fi àbẹ́là lẹ ẹyọ ìgbálẹ̀ mọ́ abẹ́ mọ́dígáàdì, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó lẹ̀ ẹ́. Jùbrílù á gùn ún. Ẹ ó fojú ara yín rí ohun tó ń já tírà."

"Ìgbálẹ̀ wo?"

"Èyí tó bá wù yín. Ẹ mú ti yàrá yín. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ yín, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan máṣíìnì náà lẹ́yìn yín."

Wọ́n fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ tó wà létí ìró wọn. "Bí ìgbálẹ̀ náà ò bá wá ṣẹ́ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé èmi ni mo tú u."

Ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè wo ohun tí mo sọ. Bí gáùn ọmọ bá tàn mí jẹ, mo ti fi ẹnu ara mi dá ara mi lẹ́bi ṣáájú ogúnjọ́.

Ìyá ní, "Ìyàwó, dìde. Eruku ń bá ọ ní ìró."

Sátidé, 12 Dìsẹ́ńbà

Ọyẹ́ bo gbogbo ọ̀nà Kóbàpé, oòrùn dà bí abọ́ funfun. Ìyá jókòó lórí àpótí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, agbòòrùn lọ́wọ́, bí ẹni tó wá gba owó orí. Mọ́nsúrù di apá mọ́ra, ó jókòó sínú píkọ́ọ̀pù. Ìyá ò jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹyọ mẹ́fà ni Ìyá já nínú ìgbálẹ̀ yàrá wọn. Mo gé wọn: eléyìí gùn díẹ̀ ju eléyìí lọ, títí tí èyí tó gùn jù fi kù díẹ̀ kó kan táyà, tí èyí tó kúrú jù sì jìnnà sí i. Ìyá fi ọwọ́ ara wọn lẹ̀ wọ́n mọ́ abẹ́ mọ́dígáàdì, àbẹ́là ń kán sí wọn lọ́wọ́, wọn ò sọ pé ó gbóná. Wọ́n yí táyà wò. Kò kan ọ̀kan kan.

"Jùbrílù, rọra gùn ún lọ bọ̀ ná," mo ní.

Ó lọ, ó bọ̀. Ìyá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. "Mẹ́fà. Ó pé." Wọ́n wò mí. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí.

"Ó yá, Bọ̀ọ̀dá Jùbrílù. Ẹ sá a."

"Má sá a pa ara rẹ o!" Ìyá pariwo tẹ̀ lé e. "Ìyàwó rẹ lóyún!"

"Màmá, ẹ má rán mi létí!"

A ò rí i mọ́ nínú ọyẹ́. Ìró rẹ̀ nìkan la ń gbọ́, ó ń lọ, ó lọ tán, ó yí padà, ó ń bọ̀, ó ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Ó kọjá lójú wa fìrì, gèlè Ìyá gbọ̀n. Mo di agbòòrùn Ìyá mú, n ò mọ ìgbà tí mo dì í mú.

Ó yí padà wá dúró. Ìyá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n ki orí wọn pàápàá bọ abẹ́ mọ́dígáàdì. Àwọn mẹ́ta tó gùn jù ti gé, ẹnu wọn dúdú, ó ń rùn bíi rọ́bà. Àwọn mẹ́ta tó kúrú wà láìlábàwọ́n.

"Jùbrílù, yí táyà yìí kí n rí i."

Ó yí i. Táyà ò kan kùkùté ìgbálẹ̀ tó kù pàápàá.

"Ta ló wá gé e?"

"Táyà ni, Màmá."

"Táyà tó jìnnà sí i yìí?"

"Bó bá ń sáré, Màmá, kò jìnnà."

Ìyá já ẹyọ mẹ́ta mìíràn nínú ìgbálẹ̀ wọn, wọ́n lẹ̀ ẹ́. "Tún un sá." Ó tún un sá. Ó tún gé wọn, ibi kan náà, bí ẹni fi ọ̀bẹ wọ̀n ọ́n.

Ìyá padà jókòó sórí àpótí. Wọ́n mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ́wọ́, wọ́n ń fi àtàǹpàkò pa ẹnu dúdú rẹ̀.

"Ó ń wú," wọ́n ní.

Wọ́n gbé ẹyọ ìgbálẹ̀ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Ó ń wú. O sì bi mí lọ́jọ́ tí mo mú un wá pé ṣé kò ní kan táyà." Wọ́n wo Mọ́nsúrù nínú píkọ́ọ̀pù, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró, wọ́n fi sí mi lọ́wọ́, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n gbọn eruku aṣọ wọn.

"Àbẹ̀ní, gbé àpótí mi, ká máa lọ sílé. Ebi ń pa mí."

N ò lè kọ bó ṣe rí lára mi. Mo sáà gbé àpótí náà.

Láfún àti ọbẹ̀ ilá. Abọ́ padà wá ní òfìfo, wọ́n ti fọ̀ ọ́.

Túsìdeè, 15 Dìsẹ́ńbà

Jùbrílù fi wáṣà, àwọn òrùka irin pẹlẹbẹ, sí abẹ́ gbogbo nọ́ọ̀tì mọ́dígáàdì, ó gbé e sókè. Ó tún lẹ ìgbálẹ̀, ó sá a. Ọ̀kan ò gé. Ó ti ń fi ìgbálẹ̀ wọn máṣíìnì àwọn mẹ́ta yòókù nínú ẹgbẹ́ báyìí. Wọ́n ní máṣíìnì ọ̀kan nínú wọn náà gé ẹyọ ìgbálẹ̀ méjì, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin yẹn ti ń pààrọ̀ bíréèkì rẹ̀ láti oṣù tó kọjá.

Ìyá rán tírà kẹta sí inú kóòtù Mọ́nsúrù, lápá òsì. Wọ́n ní, "Ó kúkú ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì yẹn. Ó ṣubú, kò kú." N ò bá wọn jiyàn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀.

Kẹrosíìnì wọ́n. Mo fi èédú dáná.

Sọ́ńdè, 20 Dìsẹ́ńbà

Àwọn àgbà ilé jókòó. Bàbá Mọ́ṣúdù ní kí Ìyá sọ ẹjọ́ wọn. Ìyá tú áńkáṣíìfù, wọ́n kó ẹyọ ìgbálẹ̀ tó gé sórí ẹní.

"Ẹjọ́ mi rèé. Mo ti rí ẹni tó tú tírà, táyà ni. Bí ẹ bá fẹ́ lé e kúrò nílé, ẹ lé e."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé fún àwọn. Mo pe Sàfúrátù pé kó wá yí. Ọmọ náà yí níwájú àgbààgbà títí òòyì fi gbé e ṣubú lé Bàbá lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀rù bà mí láti ìgbà tí mo ti jí títí wọ́n fi tú ká. N kò mọ ìgbà tí yóò fi mí sílẹ̀.

Fúráìdeè, 25 Dìsẹ́ńbà

Igbein. Màmá mi se ìrẹsì. Ìyá fi abọ́ tánganran onídérí mẹ́ta ránṣẹ́ sí wọn, àwọn tó ní òdòdó lára.

Sátidé, 2 Jánúárì 1982

Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀.

Èrò pọ̀ ní Kóbàpé bí ọjọ́ ọdún. Mo pọn Sàfúrátù bó tilẹ̀ ti tóbi ju pípọ̀n lọ, kí n lè ní ohun tí màá dì mú. Kí Mọ́nsúrù tó gùn ún, Ìyá bẹ̀rẹ̀ síwájú máṣíìnì lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n lẹ ẹyọ ìgbálẹ̀ mẹ́fà mọ́ abẹ́ mọ́dígáàdì. Ọmọkùnrin Ìjẹ̀bú kan pariwo pé, "Màmá, ṣé gbígbá lẹ fẹ́ gbá títì fún wa ni?"

"Ọmọ mi á gbá yín mọ́ ọn," Ìyá ní.

Wọ́n gbéra. Máṣíìnì mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ ń gbọ̀n sí mi lẹ́sẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa lọ tí wọ́n máa bọ̀. Ní àkọ́kọ́ Mọ́nsúrù wà lẹ́yìn, ní ẹ̀ẹ̀kejì ó ti di ẹnì kẹta. Nígbà tó kọjá lójú wa kẹ́yìn, ó ti dojú bo ọwọ́ máṣíìnì, eré náà ju èyí tó ṣubú lórí rẹ̀ lọ, mo mọ̀ ọ́n nínú ìró rẹ̀. N ò di ojú. Ojú ẹsẹ̀ iwájú ni mò ń wò. Ó ń yí, ó ń yí, ó wú bó ṣe fẹ́ wú, kò sì sí ohun tó dí i lọ́nà.

Olúbọ̀dé, ará Ìjẹ̀bú-Òde, ló fi ìwọ̀n táyà kan péré gbapò kìíní. Ọkọ mi ṣe ìkejì. Ìkejì! Ọkùnrin tí èjìká rẹ̀ ṣì ń yún un!

Olúbọ̀dé gba máṣíìnì tuntun. Ọ̀gbẹ́ni Herbert tó ń ta máṣíìnì ló fúnra rẹ̀ gbé ẹ̀bùn ẹni kejì lé Mọ́nsúrù lọ́wọ́: táyà méjì, tuntun, nínú bébà. Jùbrílù wò mí, mo wò ó, a ò lè mí mọ́ nítorí ẹ̀rín.

Àwọn ẹgbẹ́ gbé Mọ́nsúrù sókè, gbogbo ènìyàn ń sáré lọ bá a. Ìyá ò lọ bá a. Mo rí wọn tí wọ́n ń gba àárín èrò kọjá lọ sídìí máṣíìnì. Wọ́n kúnlẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú aṣọ ọdún lọ́rùn, wọ́n ki ọwọ́ bọ abẹ́ mọ́dígáàdì, wọ́n ń kà á pẹ̀lú ìka.

"Mẹ́fà!" wọ́n ké. "Mẹ́fà ló pé o!"

Ará Ìjẹ̀bú yẹn ní, "Màmá, kí ló pé?"

Ìyá dìde, wọ́n fi ọwọ́ eruku fà mí wá síwájú, èmi àti ọmọ tó wà lẹ́yìn mi.

"Bi Àbẹ̀ní, ìyàwó mi," wọ́n ní. "Òun ló mọ̀ ọ́n."